Bí Ọdẹ́jìnmí Ṣe Mú Ohùn Gba Ẹ̀yìnkùlé Asínnijẹ

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí ẹní àti ẹ̀yin tí ẹ fara ti ògiri, ẹni tí ó bá fẹ́ wúkọ́ kí ó tètè wú u tán, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kò fẹ́ ariwo. Òjò ni ó kó wa jọ sábẹ́ òrùlé àwọn ọdẹ ní ọ̀sán yìí, ẹ sì mọ̀ mí: èmi kì í jókòó lásán. Èmi ni mo wo ẹfọ̀n lójú títí ẹfọ̀n fi bẹ̀ mí pé kí n jọ̀wọ́ wo ibòmíràn. Èmi ni mo sùn nínú ihò ẹkùn, tí ẹkùn sì dúró síta títí ilẹ̀ fi mọ́ nítorí pé kò fẹ́ jí àlejò. Ṣùgbọ́n ìtàn ara mi kọ́ ni ti òní. Ìtàn Ọdẹ́jìnmí ọmọ Ọdẹ́gbàmí ni, ọdẹ tí ó ń ta gìtá, ẹnu rẹ̀ gan-an ni mo sì ti gbọ́ ọ.

Lálọ́yẹ̀ adẹ́mu gbójú sókè, ó ní, "Bàbá, ẹkùn yẹn ńkọ́, ṣé kò tún fi ẹran bọ́ yín ní òwúrọ̀?"

Lálọ́yẹ̀, ẹni tí ó ń gun ọ̀pẹ lójoojúmọ́ tí kò tíì já bọ́, ọpẹ́ ni ó yẹ kí ó máa dá, kì í ṣe ìbéèrè. Ẹ jẹ́ kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Ní ìlú Òkè-Ìgbín ni Ọdẹ́jìnmí ń gbé. Ọwọ́ rẹ̀ kan mọ ìbọn, ọwọ́ rẹ̀ kejì mọ ọrùn gìtá. Bí àwọn ọdẹ bá ti igbó dé, òun ni ó máa ń ta gìtá oníná fún wọn, Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ni ó sì máa ń lé orin. Ohùn Àwẹ̀ró dùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ó ń jà máa ń dáwọ́ ìjà dúró kí wọ́n lè gbọ́ ọ dáadáa, bí orin bá sì tán, wọn kò ní rántí ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀ mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin yìí lọ ṣa ìgbín létí igbó. Bí ó ti ń ṣa á ni ó ń kọrin. Afẹ́fẹ́ tútù kan fẹ́ láti inú igbó wá, ó kan etí rẹ̀ ọ̀tún, ó kan etí rẹ̀ òsì, ó sì padà. Nígbà tí Àwẹ̀ró dé ilé, Ọdẹ́bùnmi, ọmọ rẹ̀ kékeré, ń ké pè é, ìyá ń kọjá lọ. Ọmọ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀, ìyá ń ṣẹ́ igi ìdáná. Kò gbọ́ ìkòkò tí ó ń hó, kò gbọ́ àkùkọ, kò gbọ́ ọkọ. Láti ọjọ́ náà ni kò ti kọrin mọ́, nítorí ẹni tí kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bí orin ti já sí?

Gbogbo ìtọ́jú ni Ọdẹ́jìnmí ṣe, òfo ni ó já sí. Níkẹyìn, àwọn àgbà ọdẹ pè é jókòó, wọ́n ní, "Ọdẹ́jìnmí, àìsàn kọ́ ni èyí. Ọba Akóhùnjọ, ọba àwọn iwin àfonífojì, ni ó kó etí ìyàwó rẹ lọ. Bí ó bá gbọ́ olórin tí ohùn rẹ̀ wọ̀ ọ́ lára, gbígbọ́ ẹni náà ni ó máa ń gbà, yóò dé e mọ́ inú kèrègbè, yóò sì gbé e kọ́ sí ààfin rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ti lọ gbà á padà rí."

Ọdẹ́jìnmí ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀yin bàbá mi. Ẹni tí ó fi ọ̀nà han ni ti ṣe ìdajì ìrìn." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dira.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ gìtá oníná, ẹ jẹ́ kí n là yín lọ́yẹ̀ kí ẹ má baà sọnù sínú ìtàn. Gìtá oníná kì í dá sọ̀rọ̀. Inú wáyà ni ohùn rẹ̀ ń gbà bí omi ṣe ń gba inú ọ̀pá, títí yóò fi dé ẹ̀rọ tí yóò gbé e sókè. Àwọn àpótí kékeré kan sì wà tí à ń pè ní pẹ́dà, ẹsẹ̀ ni olórin fi ń tẹ̀ wọ́n. Ohùn tí ó bá gba inú wọn kọjá, ìwà rẹ̀ yóò yí padà. Mẹ́ta ni Ọdẹ́jìnmí ní, kò sì ra ọ̀kankan nínú wọn. Èyí tí ó dàgbà jù ń jẹ́ Adáhùn. Bàbá Ṣówándé tí ó kọ́ ọ ní gìtá ni ó fi lé e lọ́wọ́ lórí àkéte àìsàn. Ohunkóhun tí o bá sọ fún Adáhùn, yóò tún un sọ, yóò tún un sọ, ohùn rẹ̀ yóò máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ó ń rìn lọ. Èkejì ń jẹ́ Ẹlẹ́kún, ẹ̀bùn tí àna rẹ̀ fún un ní ọjọ́ tí ó gbé Àwẹ̀ró níyàwó. Bí o bá fi ẹsẹ̀ mì ín lọ mì ín bọ̀, gìtá yóò máa sunkún bí ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú. Àbíkẹ́yìn wọn ni Ramúramù. Ẹgbẹ́ ọdẹ ni ó dáwó rà á fún un ní ọdún tí ó gbé ọ̀kan nínú wọn tí ó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ pọ̀n jáde nínú igbó. Ohùn tí ó bá gba inú Ramúramù yóò há, yóò gbó, yóò máa bú bí kìnnìún tí òtútù mú. Ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn sókè ní tirẹ̀ tóbi bí àgbò ọdún, kò ṣeé gbé rin igbó. Ọdẹ́jìnmí fi í sílẹ̀, ó ní Ẹni tí ó fún òun ní mẹ́ta kò ní fi ẹ̀kẹrin dù òun. Ó gbé gìtá kọ́ èjìká, ó so bátìrì mọ́ ẹ̀yìn, ó kó àwọn pẹ́dà àti wáyà wọn sínú àpò ọdẹ, ó mú ìbọn dání, ó sì bọ́ sọ́nà.

Igbó Àìgbọràn ni ó kọ́kọ́ wọ̀. Iwin kan ń bẹ níbẹ̀ tí à ń pè ní Elétí-Aṣọ. Etí rẹ̀ méjèèjì gùn tó aṣọ ìbora: ọ̀kan ni ó máa ń tẹ́ sùn, èkejì ni ó máa ń dà bo ara. Bí ó ti rí Ọdẹ́jìnmí, ó dìde, etí rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ bí agbádá olówó.

Ó ní, "Ìwọ ẹlẹ́ran-ara, ta ni ó rán ọ wá kí o wá di oúnjẹ ọ̀sán mi?"

Ọdẹ́jìnmí dáhùn pé, "Ìyàwó mi ni ó rán mi níṣẹ́, bí kò tilẹ̀ lanu. Bí ebi bá ń pa ọ́, jẹ etí rẹ ọ̀tún. Yóò tó ọ jẹ títí di ọ̀la."

Inú bí iwin. Ọdẹ́jìnmí yìnbọn, iwin na etí rẹ̀ síwájú, ó fi gbọ́n ọta ìbọn dànù bí ìgbà tí ìyàwó ilé bá ń gbọn èérún oúnjẹ kúrò lára aṣọ. Wọ́n bá wọ̀yá ìjà. Wọ́n ja ìjà náà dé ibi tí àwọn igi ń yà sẹ́yìn fún wọn. Iwin gbé Ọdẹ́jìnmí, ó ṣán an mọ́lẹ̀, ilẹ̀ ní "hin!" Ọdẹ́jìnmí dìde, ó rí i pé agbára kò ní ká iwin yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sá yí igi àràbà ńlá kan po, iwin ń lé e, etí ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bí etí méjèèjì ti lọ́ mọ́ ìdí igi, Ọdẹ́jìnmí yí padà, ó gbá orí wọn mú, ó sì ta wọ́n ní kókó bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀.

Iwin fà á títí, etí ń ro ó. Ó ní, "Ọdẹ, jọ̀ọ́. Etí ni gbogbo ọlá mi."

"Sọ ọ̀nà ààfin Ọba Akóhùnjọ fún mi, kí o sì sọ ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ mi."

"Kò fẹ́ ìjà, kò fẹ́ ẹbọ. Ohùn kan ṣoṣo ni ó ń wá káàkiri ayé. Bí o kò bá ní àpótí tí ó lè di ẹnikẹ́ni, má wulẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìlú tí ó wà níwájú yìí ni àpótí náà wà, Ìlú Asínnijẹ."

Ọdẹ́jìnmí tú u sílẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tilẹ̀ bá a gbọn eruku etí rẹ̀ nù. Lálọ́yẹ̀, mo rí ẹnu rẹ tí ó ń mì. Bí èmi ni mo wà níbẹ̀, ṣé n bá tú u sílẹ̀? Èmi ìbá ti fi etí yẹn rán agbádá mẹ́fà, n bá sì fún ọ ní ìdajì fìlà. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́jìnmí sàn jù mí lọ ní ìwà, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ó dé Ìlú Asínnijẹ, ó bá àwọn ènìyàn níta. Ó ní, "Ẹ kú ilé o." Gbogbo ìlú ní, "Ẹ kú ilé o," ohùn Ọdẹ́jìnmí gan-an ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ó ní, "Èmi ni Ọdẹ́jìnmí, ọdẹ Òkè-Ìgbín." Ọkùnrin, obìnrin, àti ọmọ tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn, gbogbo wọn ní, "Èmi ni Ọdẹ́jìnmí, ọdẹ Òkè-Ìgbín." Ó bínú, ó ní, "Ṣé wèrè ni yín ni?" Gbogbo ìlú dojú kọ ọ́, wọ́n ní, "Ṣé wèrè ni yín ni?" Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin kan ṣoṣo ṣe bú ara rẹ̀ dé ibi tí gbogbo ìlú pọ̀ dé. Ó gbìyànjú títí, kò rí ẹni tí yóò bá a sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Òǹgbẹ sì ń gbẹ ẹ́.

Bàbá arúgbó kan rí i bí ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó gbé àpótí ìjókòó fún un, ó sì bu omi tútù fún un. Ọdẹ́jìnmí mu ún tán. Ilé ire ni a ti kọ́ ọ, nítorí náà ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ ṣeun o, bàbá. Omi yín kò ní gbẹ láéláé."

Gbogbo ìlú ní, "Ẹ ṣeun o, bàbá. Omi yín kò ní gbẹ láéláé."

Ṣùgbọ́n arúgbó yìí kò lè sọ ọ́. Ó lanu, ó pa á dé. Báwo ni àgbà ọmọlúàbí yóò ṣe gbọ́ ọpẹ́ lẹ́nu àlejò, tí yóò tún fi ọpẹ́ náà sọ òkò padà sí i? Ó wá sọ ọ́, ní ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dàbí ewé gbígbẹ: "Kò tọ́pẹ́, ọmọ mi."

Ìlú pa lọ́lọ́. Arúgbó fi ọwọ́ bo ẹnu, omijé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lójú rẹ̀. Ó ní, "Ohùn mi nìyẹn. Ohùn tí mo fi tọrọ ìyàwó nìyẹn. Mo ti rò pé ó ti kú. Ọdẹ, kí ni o wá gbà níbí? Bí ó bá jẹ́ orí mi, gbà á."

Nígbà tí ó gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Àwẹ̀ró, ó wọlé, ó gbé àpótí kan jáde tí kò tóbi ju páànù búrẹ́dì lọ. Ó ní, "Asínnijẹ ni orúkọ rẹ̀ bíi ti ìlú. Kò sí igi nínú rẹ̀, kò sí awọ, ìṣirò ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ohùn tí ìlú yìí ti sín jẹ rí ni ó wà nínú rẹ̀. Ó lè di ilé tóóró, ó lè di gbọ̀ngàn, ó lè di àyà ọ̀dọ́ tàbí àyà arúgbó. Ó tilẹ̀ lè bú, ó lè dá ara rẹ̀ lóhùn. Ìwọ ṣáà ti yí kókó rẹ̀. Iwájú ni ihò tí ohùn ń gbà wọlé, ẹnu tí ó fi ń sọ̀rọ̀ sì nìyí. Ihò méjì mìíràn wà ní ẹ̀yìn, wọ́n ya ọfà sí ẹ̀gbẹ́ wọn: ọfà ọ̀kan kọjú síta, ọfà èkejì kọjú sínú. Ohun tí wọ́n wà fún, bàbá mi mọ̀ ọ́n. N kò bèèrè kí ó tó sùn."

Ọdẹ́jìnmí dúpẹ́ títí ọrùn fi ro ó, arúgbó náà sì ń wí pé "Kò tọ́pẹ́, kò tọ́pẹ́," kì í ṣe nítorí àlejò mọ́, bí kò ṣe pé ó ń gbádùn bí ó ti ń dún.

Ọdẹ́jìnmí wá dé ààfin Ọba Akóhùnjọ. Kèrègbè ni wọ́n fi ṣe ògiri ààfin náà, wọ́n so wọ́n kọ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ìdérí wà lẹ́nu olúkúlùkù. Ọdẹ́jìnmí ń gbé etí lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ọ̀kan ó gbọ́ òkun, nínú òmíràn ó gbọ́ ọjà. Ó gbé etí lé èyí tí ó kéré kan lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, ó sì gbọ́ adìyẹ ilé rẹ̀. Ó gbọ́ ìkòkò Àwẹ̀ró tí ó ń hó. Ó gbọ́ Ọdẹ́bùnmi tí ó ń pe, "Yèyé! Yèyé!" Gbogbo ohun tí ó yẹ kí ó máa dé etí aya rẹ̀ ni ó ń ṣàn wá sínú igbá yìí, kò sì sí ẹni tí ó ń gbọ́ ọ. Ọkùnrin tí kò sunkún lọ́wọ́ iwin sunkún níbẹ̀.

Obìnrin arúgbó kan tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, Ìyá Adènà, wò ó, ó ní, "Ọlọ́dẹ, fi omijé yẹn pamọ́. Bí Agétí bá pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ tán, ìwọ yóò tún nílò rẹ̀." Ó sì mú un wọlé.

Ọba Akóhùnjọ jókòó, ó gùn bí òpó, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Agétí, ẹmẹ̀wà rẹ̀, dúró tì í pẹ̀lú ọ̀bẹ. Ọba ní, "Mo mọ ohun tí o wá gbà. Gbọ́ ohun tí èmi náà ń wá. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, orí òkè kejì ni ìyá mi ń gbé, a máa pè mí lọ jẹun. Ohùn rẹ̀ há, nítorí èéfín iná epo tí ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ fẹ́. Bí ó bá ń pè, yóò dàbí ẹni tí ó fẹ́ sunkún, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ dùn. Àfonífojì yóò wá gba ìpè náà, yóò máa tún un pè títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ mi. Ìyá mi kú, mo sì gbàgbé bí ó ti ń dún. Mo ń kó etí àwọn olórin jọ, bóyá ọ̀kan nínú wọn pa á mọ́. Kò sí. Àwọn ará Ìlú Asínnijẹ wá, wọ́n sín in jẹ, ṣùgbọ́n n kò bá ènìyàn kankan nínú ohùn náà. Bí o bá lè pè mí bí ó ti ń pè mí kí oòrùn tó wọ̀, gba etí aya rẹ. Bí o kò bá lè ṣe é, tìrẹ náà yóò kún un."

Ọdẹ́jìnmí ní, "Kábíyèsí, mo dúpẹ́ pé ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú." Ó sì kó ẹrù rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ gbọ́ àṣìṣe tí ó ṣe, nítorí pé ọmọ tí a kọ́ nìkan ni ó lè ṣe irú rẹ̀. Ó tò wọ́n bí ọjọ́ orí. Báwo ni ọmọ Yorùbá yóò ṣe mú Ramúramù, àbíkẹ́yìn, ṣíwájú Adáhùn tí ó jẹ́ àgbà? Ó kí Adáhùn, ó fi wáyà so gìtá mọ́ ọn lákọ̀ọ́kọ́. Ẹlẹ́kún tẹ̀ lé e. Ramúramù gba ẹ̀yìn wọn, láti ibẹ̀ ni wáyà sì gbà wọ ihò iwájú Asínnijẹ. Ó yí kókó rẹ̀ sí àyà arúgbó obìnrin. Ó wá ta gìtá.

Ha! Adáhùn sọ ọ̀rọ̀, ó tún un sọ, Ẹlẹ́kún da ẹkún sí àtúnsọ, Ramúramù sì bú mọ́ gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, kò mọ èyí tí ó jẹ́ ìpè yàtọ̀ sí èyí tí ó jẹ́ ìdáhùn. Ohun tí ó jáde dàbí ìgbà tí ẹ̀rọ ata bá gbé òkúta mì. Ọba di etí rẹ̀. Àwọn ẹmẹ̀wà ń rẹ́rìn-ín.

Agétí ní, "Kábíyèsí, ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún ni, àbí òsì ni ẹ fẹ́?"

Ìyá Adènà ní, "Ìwọ Agétí, oòrùn kò tíì wọ̀, jókòó jẹ́ẹ́." Ó yíjú sí Ọdẹ́jìnmí, ó ní, "Ọlọ́dẹ, mo fẹ́ bi ọ́ léèrè. Ní ìlú yín, bí ẹbí bá pàdé lórí ọ̀rọ̀, ta ni ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn?"

"Àgbà ni, ìyá. Àwọn ọmọdé yóò rojọ́ tán, àwọn tí ó wà láàárín yóò dá sí i, àgbà yóò wá fèsì."

"Kí ló dé?"

"Bí àgbà bá kọ́kọ́ fèsì, kí ni yóò fèsì sí?" Bí ọ̀rọ̀ yìí ti jáde lẹ́nu rẹ̀ ni ó wo Adáhùn nílẹ̀. Ó rí i pé ọ̀wọ̀ tí òun rò pé òun ń bù fún àgbà, ẹ̀tẹ́ ni.

Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Adènà, ó tú gbogbo wáyà. Ó so gìtá mọ́ Ramúramù, kí ọmọdé kọ́kọ́ pariwo tirẹ̀. Ó rọ kókó rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kí ó má baà bú ju ilé lọ. Ẹlẹ́kún tẹ̀ lé e. Adáhùn ni ó ṣe ìkẹyìn, kí ohùn tó wọ iwájú Asínnijẹ. Ó ta á. Ó ti sàn. Ohùn há, ó fẹ́ sunkún, ó sì ń dá ara rẹ̀ lóhùn. Ọba gbé orí sókè. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ tún fi rẹ̀wẹ̀sì.

Ó ní, "Àfonífojì náà wà nínú àyà obìnrin yìí. Ìyá mi kò gbé àfonífojì mì."

Agétí tún dìde. Òjìji òpó ààfin ti gùn dé ẹsẹ̀ ìtẹ́.

Ọdẹ́jìnmí jókòó sílẹ̀, ó ń ronú. Òtítọ́ ni ọba sọ. Bí Asínnijẹ bá jẹ́ ilé, iwájú ilé ni Adáhùn gbà wọlé, nítorí náà inú àyà arúgbó obìnrin náà ni ó ti ń dáhùn. Ọ̀fun ni ó yẹ kí ó há, àyà ni ó yẹ kí ó gbé e jáde, kí àfonífojì tó gbà á lóde. Níbo ni àgbà máa ń wà, tí ọ̀rọ̀ yóò fi kọjá nínú ilé kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ó rántí bàbá Àwẹ̀ró. Nígbà tí òun lọ tọrọ Àwẹ̀ró, inú yàrá ni wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ láàárín ara wọn, ẹnìkan gbé e jáde lọ bá bàbá ní ẹ̀yìnkùlé níbi tí ó jókòó sí lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, ó gba èsì, ó sì gbé e wọlé padà. Ó yí ẹ̀yìn Asínnijẹ sókè. Ó wo ihò méjì tí arúgbó kò mọ ìlò wọn: ọfà tí ó kọjú síta, ọfà tí ó kọjú sínú.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ̀yìnkùlé nìyí."

Ó tú Adáhùn kúrò níwájú. Ó ti wáyà bọ ihò tí ọfà rẹ̀ kọjú síta, ó mú un lọ bá Adáhùn. Ó ti wáyà mìíràn láti ara Adáhùn padà sínú ihò kejì. Ramúramù àti Ẹlẹ́kún dúró ní iwájú ilé. Nígbà tí ó ta okùn kan wò, ó gbọ́ àfonífojì méjì tí wọ́n ń forí gbárí, ó sì mọ̀ pé Asínnijẹ ń fi ìdáhùn tirẹ̀ kún un, nítorí alásínnijẹ kò lè rí ẹni tí ń ṣe nǹkan kí ó má ṣe é. Ó yí kókó kan, ó pa èyí lẹ́nu mọ́. Ó yí òmíràn, ó pa bíbú rẹ̀ náà lẹ́nu mọ́. Ó ní, "Ìwọ máa jẹ́ àyà. Ọ̀fun ti wà, òkè ti wà."

Kí ó tó tún fọwọ́ kan okùn, ó dúpẹ́. Ó pe Bàbá Ṣówándé lórúkọ, ó pe àna rẹ̀, ó pe ẹgbẹ́ ọdẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pe arúgbó olómi tútù. Ó ní, "Ẹ̀yin ni ẹ ń ta á. Ìka nìkan ni ó jẹ́ tèmi."

Ó wá pe ọba.

Ohùn náà jáde bí ohùn obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé orí kúrò níbi iná. Ó há, ó gbọ̀n díẹ̀, ẹkún wà nínú rẹ̀, ayọ̀ sì bo ẹkún náà mọ́lẹ̀. Ó jáde nílé, ó sọdá òkè, àfonífojì gbà á, ó tún un pè, ó tún un pè, lókè réré, lókè réré, títí ó fi dé ibi tí ìtẹ́ wà.

Ọba Akóhùnjọ fò dìde. Adé bọ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀, kò wò ó. Ó sáré jáde sí àgbàlá, ó fi ọwọ́ méjèèjì yí ẹnu ká, ó ké ní ohùn ọmọdé pé, "Yèé, ìyá mi! Mo gbọ́ o! Mo ń bọ̀!"

Agétí ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó ń fi apá aṣọ nu imú.

Nígbà tí ọba padà wọlé, ojú rẹ̀ ti mọ́. Ọdẹ́jìnmí bi í pé, "Kábíyèsí, ṣé kí n tún un ta?"

Ọba ní, "Rárá. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ pè, tí ó sì ti jẹ́, kò yẹ kí ó jẹ́ kí ìyá rẹ̀ pe òun lẹ́ẹ̀kejì. O ṣé, ọlọ́dẹ." Ó gbá kèrègbè tí ó wà lẹ́bàá ìlẹ̀kùn mọ́lẹ̀, ó fọ́. Ó gbá èyí tí ó tẹ̀ lé e. Òun àti Agétí àti Ìyá Adènà fọ́ gbogbo ògiri náà, gbígbọ́ àwọn ènìyàn sì ń fò lọ sílé bí ẹyẹ inú àgò tí a tú sílẹ̀. Ní ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ adití ní ọ̀pọ̀ ìlú dìde lórí ẹní, wọ́n ń bèèrè pé ta ni ó pè wọ́n.

Ọ̀nà àbọ̀ kò ní ìtàn, nítorí ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn kì í wo ọ̀nà. Ọdẹ́jìnmí dé Òkè-Ìgbín ní ìyálẹ̀ta. Àwẹ̀ró jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí i, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ọkùnrin náà dúró. Ó ti bá iwin jà, ó ti dúró níwájú ọ̀bẹ, kò bẹ̀rù bí ó ti bẹ̀rù nísinsìnyí. Bí ó bá pè é tí kò yíjú ńkọ́? Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó tún gbé e mì. Níkẹyìn ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tí ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Àwẹ̀ró."

Àwẹ̀ró kò gbé orí sókè nídìí ẹ̀wà. Ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, olówó orí mi. Láti ẹ̀yìn ilé Lájídé ni mo ti ń gbọ́ bàtà yín tó ń wọ́lẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọmọ ń sùn ni? Àti pé kí ló dé tí ẹ kò tètè dé? Ẹ fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú òrùlé tó ń jò, ẹ fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ewúrẹ́ tó ti jẹ iṣu ọ̀gbìn tán..."

Ọdẹ́jìnmí jókòó sórí ilẹ̀ lásán, ẹrù wà lẹ́yìn rẹ̀ síbẹ̀, omijé ń ṣàn gba irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Mo jẹ̀bi. Ti ewúrẹ́ yẹn, tún un sọ."

Àwẹ̀ró yíjú, ó rí omijé náà. Ṣùgbọ́n ó tún un sọ. Ó sọ ti ewúrẹ́, ó sọ ti òrùlé, ó bá a wí nítorí ìbọn tí ó dípẹtà àti aṣọ tí ó fàya, ó sì gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó ń ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Nígbà tí ó yá, ìbáwí náà bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀, ó ń fà, ó ń gùn, ẹni tí ó bá ń kọjá lójú títì yóò sọ pé orin ni.

Ibi tí Ọdẹ́jìnmí bá ọ̀rọ̀ dé fún mi nìyẹn, ibẹ̀ náà ni èmi bá a dé fún yín. Ẹni tí wọ́n ń bá wí nílé, tí ó sì ń gbọ́ ọ, kí ó lọ dúpẹ́.